Ohun Tí Aláago Kọ Lórí Àkàbà

Ó ti gun àkàbà dé ìdajì kó tó rántí pé awò ojú òun wà lórí tábìlì. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kejì lórí fóònù tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kí ló fẹ́ fi gígun àkàbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì ṣe kí oúnjẹ àárọ̀ tó kan ikùn? Àmọ́ kò sí ibòmíràn. Nínú gbogbo ilẹ̀ yẹn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé odò kékeré tó wà lẹ́yìn, orí pèpéle irin tí táǹkì omi jókòó lé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń yà kí èèyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú awò, ó tún gùn ún padà, ó ń kùn sínú.

Aláago ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há débi pé tí èèyàn méjì bá jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn á máa gbá ara wọn. Òun máa ń wà lẹ́yìn, nídìí iná, á fi awò kékeré sí ojú kan, á di ìkejì. Ìyàwó rẹ̀ máa ń wà níwájú, nídìí káńtà. Ìyàwó ló ń gba aago lọ́wọ́ oníbàárà, òun náà ló ń dá a padà fún wọn. Ó pẹ́ nídìí káńtà yẹn débi pé àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ìyá Káńtà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ fún un lọ.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Aláago kó ẹrù rẹ̀, tó wá sórí ilẹ̀ tó ti rà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi ìyókù ayé òun wo ewéko tútù. Ìyá Káńtà kò bá a jà. Ó ní kó máa lọ ná, òun á máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá jọ dá oṣù mẹ́jọ: tó bá pé, kí ìyàwó sọ bóyá òun ń bọ̀ àbí òun ò bọ̀. Tó bá lóun ò bọ̀, kí Aláago ta ilẹ̀ náà fún Onísìmẹ́ńtì, ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì ní oríta, tí ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ yẹn tipẹ́, kó sì padà sílé. Aláago ti ṣèlérí, kò sì ní lọ́kàn láti yẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn dé mùdùnmúdùn, àmọ́ kò lè torí koríko fi ìyàwó sílẹ̀. Òní gan-an ni oṣù mẹ́jọ pé.

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó bá a ṣí búlọ́ọ̀gù sórí fóònù.

"Ẹ máa kọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbí síbẹ̀," ọmọ náà ní. "Màámi á máa kà á. Èmi náà á máa kà á. Ẹni tó bá wù á kà á."

"Ta ló fẹ́ máa kà nípa adìyẹ tèmi?"

"Ẹ sáà kọ ọ́ ná, Bàámi."

Ọmọ náà fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án, ó sọ búlọ́ọ̀gù náà ní Oko Aláago, ó bá tirẹ̀ lọ. Aláago wá jókòó ti iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ̀rọ̀ tí kò kún ojú ìwé kan. Bó ṣe ń tún aago ṣe náà ló ṣe kọ ọ́. Tó bá ti tún aago ṣe tán láyé ọjọ́un, á nu ojú rẹ̀ títí á fi máa dán, á dojú rẹ̀ sókè lórí aṣọ funfun, á wá tì í síwájú Ìyá Káńtà. "Ó ti ń ṣiṣẹ́." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àní tí oníbàárà bá na ọrùn wọlé pé kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló máa rín. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó kan oníbàárà nínú ìdọ̀tí àti ìpẹtà tó wà lábẹ́ ojú aago. Kó sáà gba aago rẹ̀, kó máa lọ.

Ohun tó gbé síta ní ìrọ̀lẹ́ àná nìyí: "Ilẹ̀ mọ́ lónìí pẹ̀lú orin ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Adìyẹ ń jẹ̀ kiri nínú koríko, omi kànga wa mọ́ gaara bíi dígí. Ilé wa dúró sáàárín igi, ó ń retí ẹni tó ni ín." Ibi tó parí sí yẹn dùn mọ́ ọn nínú. Ó tún un kà fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sùn.

Ó fi awò sójú, ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Aláago. Ṣé orí àkàbà yẹn lẹ tún wà?"

"Mo ti dókè. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́. Ẹ di irin mú o."

Ó di irin mú. Ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń to nǹkan sórí káńtà, dígí ń dún wínrín-wínrín. Ó fẹ́ ní sùúrù, àmọ́ ara rẹ̀ ò gbà á.

"Ṣé o rí ohun tí mo kọ?"

"Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

"Ó dùn." Ìyá Káńtà gbé aago kan sílẹ̀. "Ó dà bí ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ta ilẹ̀."

"Háà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta!"

"Mo mọ̀. Ẹ nù ún jù, gbogbo ẹ̀ ń dán. Mo wá yín wá yín nínú ẹ̀, mi ò rí yín." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Aláago, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Láti oṣù mẹ́jọ, tí mo bá ní báwo nibẹ̀, ẹ ó ní ó dáa. Tí mo bá ní kí n wá wò ó, ẹ ó ní kí n ṣì ní sùúrù. Mi ò lè palẹ̀ ilé mi mọ́ lọ síbi tí mi ò mọ bó ṣe rí. Ẹ sọ fún Onísìmẹ́ńtì kó wá gba ilẹ̀ ẹ̀."

"Ṣé ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn?"

"Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Oníbàárà ti wọlé. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ o."

Aláago fi fóònù bọ àpò. Ó jókòó ti táǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ó dùn ún wọ eegun. Inú tún bí i díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe nǹkan tí wọ́n á sọ pé ó jọ ìwé ara ògiri tí inú rẹ̀ á dùn. Ó wo ilẹ̀ rẹ̀ láti òkè: òrùlé tó ti pọ́n, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó wọ́ wá láti títì, àwọn igi tó dúró ṣùùrù, odò kékeré tó ń yọ lójú lẹ́yìn wọn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè é. Òjò rọ̀ mọ́jú, báàfù tó gbé sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò nínú yàrá ti kún. Ó gbé e jáde, ó dà á nù. Ó bu oúnjẹ fún adìyẹ. Ó wá gé búrẹ́dì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Onísìmẹ́ńtì. "Ilẹ̀ ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, wá gbà á." Bóyá kó má tilẹ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onísìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó ronú pẹ́. Agogo mọ́kànlá kò tíì lù tó fi gbọ́ ìró ọ̀kadà lọ́nà. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó fa tépù ńlá kan tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ yọ láti abẹ́ àga ọ̀kadà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo mọ̀ pé òní lẹ ní kí n wá gbọ́ èsì. Mi ò lè dúró dé ìrọ̀lẹ́ ni."

"O káàbọ̀. Kí ló dé tó o ń sáré báyìí?"

"Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ!" Ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ọmọ yín tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ìyàwó mi gbé e wá fún mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ibi tẹ́ ẹ ti ní omi kànga mọ́ gaara bíi dígí yẹn, ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní, ẹni tó bá lè gba ilẹ̀ yìí mọ́ mi lọ́wọ́, a ó jọ wò ó ni."

Aláago wò ó. Ìwé ara ògiri lóòótọ́, ó sì ti mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá.

"Kí lo fẹ́ fi ibí ṣe?"

"Màá máa gé búlọ́ọ̀kù níbí ni, Bàbá. Omi ń bẹ, ilẹ̀ tẹ́jú. Àwọn igi wọ̀nyí á kúrò." Ó ti fi ẹnu tépù há abẹ́ òkúta kan, ó ń fà á lọ síhà kànga. "Kànga yìí nìkan tó mi."

"Kànga yẹn máa ń gbẹ," Aláago ní.

Tépù dúró. "Ẹ ní kí ni?"

"Ó máa ń gbẹ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lọ pọn omi lódò."

"Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Mi ò kọ ọ́." Aláago ò mọ ohun tó ń tì í lẹ́nu, àmọ́ ó dà bíi pé ẹnu náà ti ń wá àyè látọjọ́ yìí. "Òrùlé ń jò níbi méjì. Ọ̀nà tó o gbà wọlé yìí, o rí ṣòkòtò rẹ, tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ọkọ̀ kankan ò lè débí. Adìyẹ mẹ́rìnlá ni mo rà, mẹ́ta ló kù. Èmi ni mo fa ikú mọ́kànlá yòókù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, mo sì ń tijú láti béèrè. Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta níbí, ibà gbé mi ṣánlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò rí ẹni bu omi fún mi. Mo ń rákòrò lọ sídìí ìkòkò omi."

Aláago kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ibà yẹn fẹ́nì kan rí. Lọ́jọ́ karùn-ún tó rí àkàbà gùn, tí Ìyá Káńtà ní kí ló ṣe ohùn rẹ̀, ó ní eruku ló di òun lọ́fun. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ló wá sọ ọ́ fún yìí, ẹni tí kò bá a jẹun rí. Ojú tì í gan-an.

Onísìmẹ́ńtì ti ká tépù rẹ̀. Kò bínú. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣe é láàánú.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni àbí ẹ fẹ́ lé mi? Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, kí ló wá mú yín dúró síbẹ̀ di òní?"

Aláago wo ọ̀nà jíjìn, síhà odò. "Jẹ́ kí n ronú sí i."

"Màá padà wá ní agogo mẹ́fà," Onísìmẹ́ńtì ní. "Kànga tó ń gbẹ, a lè gbẹ́ ẹ jìn sí i. Mo ṣì fẹ́ ẹ o." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ẹrẹ̀ ta sókè, ó lọ.

Aláago kò tilẹ̀ dúró kí ìró ọ̀kadà náà tán. Ó gba ìdí àkàbà lọ, lọ́tẹ̀ yìí awò wà lójú rẹ̀. Oòrùn ti mú, irin pèpéle gbóná mọ́ ìdí. Ó ṣí búlọ́ọ̀gù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀. Kò pa kankan rẹ́, kò padà sẹ́yìn wò.

"Ohun tí mo kọ lánàá, ojú aago ni. Inú rẹ̀ nìyí.

"Kànga wa máa ń gbẹ. Yàrá ń jò, orí báàfù ni òjò máa ń lù sí, ó sì máa ń jẹ́ kí n mọ̀ pé òun wà ńbẹ̀. Ilé ìdáná kò sí. Láti oṣù mẹ́jọ, orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Adìyẹ mọ́kànlá ti kú lọ́wọ́ mi. Nínú mẹ́ta tó kù, mo sọ ọ̀kan ní Ìyá Káńtà, nítorí bó ṣe máa ń wò mí tí mo bá pẹ́ gbé oúnjẹ wá. Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù.

"Ibà gbé mi ṣánlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Kì í ṣe eruku. Mo rò pé màá kú, ohun tó dùn mí, ìyàwó mi, ni pé o máa bá ilé níbi tí kò tíì dára.

"Ẹnì kan bi mí lónìí pé kí ló mú mi dúró. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń fi ojú kan wo ohun tí kò tó èékánná. Tí mo bá jí níbí, mo máa ń la ojú méjèèjì, mo máa ń wo ọ̀nà jíjìn títí omi á fi jáde lójú mi. Ohun tó mú mi dúró nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá di ọwọ́ alẹ́, mo máa ń yíjú láti sọ ohun tí mo rí fún ọ. O kì í sí ńbẹ̀.

"Mi ò sọ pé kó o wá torí pé ibí dára. Kò tíì dára. Mo kàn fẹ́ kó o mọ bó ṣe rí kó o tó sọ pé rárá."

Ó gbé e síta. Ẹ̀rù wá bà á. Ọmọ á kà á, Onísìmẹ́ńtì á kà á, ìyàwó Onísìmẹ́ńtì á kà á sókè fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀ kalẹ̀, torí fóònù ò ní dún nísàlẹ̀. Ó jókòó sínú oòrùn, ó ń làágùn. Ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ bá aago gbé mọ ìṣẹ́jú látinú: mẹ́tàdínláàádọ́ta kọjá kí fóònù tó dún.

"Ẹ sọ adìyẹ ní Ìyá Káńtà," ìyàwó rẹ̀ ní. Kò kí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé òun náà ti kú?"

"Kò kú o! Òun ló le jù nínú wọn."

Ó gbọ́ ohun kan tó jọ ẹ̀rín. Nígbà tí Ìyá Káńtà tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le.

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ sì sọ fún mi pé eruku ni. Bàbá Aláago, mò ń bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Mò ń bínú gan-an ni."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Máa bínú."

"Mò ń bínú ọ̀hún." Ó fọn imú. "Ilé ìdáná ńkọ́? Ẹ ní kò sí."

"Kò tíì sí. Àmọ́ mo ti wọn ibẹ̀." Inú Aláago dùn pé nǹkan kan wà tí òun lè fi yangàn. "Mo ti ri èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, lẹ́yìn ilé, níhà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn á kọjú sí kànga. Mo ti ro gbogbo ẹ̀ tán."

"Ta lẹ bi?"

"Ta ni mo bi báwo?"

"Èmi tí ẹ fẹ́ kí n máa dáná níbẹ̀, ṣé ẹ bi mí?"

Ọdún mẹ́rin ni Aláago fi ya àwòrán ilé yìí sẹ́yìn kàlẹ́ńdà nínú ṣọ́ọ̀bù, yàrá, fèrèsé, ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Ìyá Káńtà ń bẹ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò jìnnà ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. Kò yí ìwé náà sí i lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ parí rẹ̀ kó tó tì í síwájú rẹ̀.

"Mi ò bi ọ́," ó ní. "Ibo lo fẹ́ kó kọjú sí?"

Oníbàárà kan ń kan dígí káńtà, Ìyá Káńtà kò yíjú sí i.

"Mi ò lè jókòó síbí kí n máa sọ ìyẹn," ó ní níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá wo ibi tí oòrùn ń gbà."

"Onísìmẹ́ńtì ń bọ̀ ní agogo mẹ́fà."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó ṣì ní sùúrù ná."

Aláago rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ irin kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mi èèkàn àkọ́kọ́ títí ilẹ̀ fi tú u sílẹ̀, ó fà á yọ, ó bọ́ sórí ìkejì. Nígbà tó fa ìkẹrin, ó fi ẹsẹ̀ dí ojú ihò náà, ó nà ró. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ilé yẹn mọ́ tó ń sọ ibi tí ohunkóhun máa wà kí Ìyá Káńtà tó dé, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ibẹ̀ jọ ilé lójú rẹ̀.